Eégbọn àlejò lára màlúù: bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀, kí ẹ sì tọpa rẹ̀ láti ara ẹran dé pápá

Àwọn tó ń sin màlúù ní Òkè-Ògùn, ní Ìbàràpá àti lápá Kétu àti Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin mọ ìyà yìí dáadáa. Eégbọn bo ẹran, wọ́n ra oògùn, wọ́n fín in. Oṣù kò tíì yí po tí eégbọn fi tún kún abẹ́ itan. Wọ́n po oògùn kó le jù ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n tún fín in, eégbọn kò lọ. Ẹni tó ta oògùn ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé pọ́ǹpù sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó mú eégbọn kan ṣoṣo sínú ìgò kó wo irú èyí tó jẹ́, kò sì sẹ́ni tó kà á.

Eégbọn kan wà láàárín wa báyìí tí kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Rhipicephalus microplus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọ́n rí i ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2007. Ní Benin, àyíká oko Kpinnou ni wọ́n ti rí i, níbi tí wọ́n kó màlúù Girolando wá sí láti Brazil. Láti ìgbà náà ó ti dé Burkina Faso, Togo àti Nàìjíríà. Ní àwọn oko kan ní Benin, oògùn tí gbogbo ayé gbójú lé kò rí i pa mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá jà kí ẹ tó ná owó. Ẹni tó ní màlúù méjì péré lè ṣe gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹni tó ní agbo ńlá náà lè ṣe é. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni, lẹ́yìn náà ẹ ó máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta.

Ohun tí ẹ nílò

- Ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń tu irun ojú.
- Awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń fi sójú dára gan-an.
- Ìgò kéékèèké onídèérí bíi mẹ́wàá, àti sípíríìtì. Bí ẹ bá rí ethanol tó le tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sàn ju sípíríìtì ilé oògùn lọ.
- Pẹ́ńsù àti bébà pélébé. Kì í ṣe bírò.
- Rúlà tó ní mìlímítà.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà.
- Aṣọ funfun onírun fẹ́ẹ́rẹ́, mítà kan sí mítà kan, pẹ̀lú igi kan àti okùn.
- Sẹ́lótépù.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn.
- Ẹni tó mọ ẹran dì mú. Bí darandaran ló ń bá yín da ẹran, òun ni kí ẹ bá ṣe é. Ó mọ màlúù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ èyí tí eégbọn fẹ́ràn jù nínú agbo, ó sì mọ ibi tí agbo ti jẹko lóṣù tó kọjá. Bí èdè Haúsá lẹ ń bá a sọ, kaska ni wọ́n ń pe eégbọn.

Ìpele 1: Ẹ dáàbò bo ara yín

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n máa ń fi èékánná tẹ eégbọn pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Eégbọn Hyalomma, tó wà lára màlúù wa dáadáa, lè gbé kòkòrò ibà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dídà, èyí tí wọ́n ń pè ní ibà Crimean-Congo, ẹ̀jẹ̀ eégbọn tó bá sì kan ojú ọgbẹ́ lè gbé e wọ ara èèyàn. Ẹni tó ń pa ẹran àti ẹni tó ń yọ eégbọn ló wà nínú ewu yìí jù.

Ẹ yẹ ara yín wò bí ẹ bá délé: abíyá, ìdí, ẹ̀yìn orúnkún, ìsàlẹ̀ irun orí lẹ́yìn ọrùn. Bí ẹ bá wẹ̀ tán tí ẹ kò rí ohunkóhun níbẹ̀, ìpele yìí ti yọrí. Bí ibà bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí eégbọn jẹ yín, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn jẹ yín. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà nìkan ni wọ́n máa ń rò bí ẹ kò bá sọ ọ́.

Ìpele 2: Ẹ wá a lára ẹran, ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, kí ẹran tó jáde lọ jẹko. Abo eégbọn àlejò yìí tó bá ti yó máa ń já bọ́ láàárọ̀. Bí ẹ bá dúró di ọ̀sán, àwọn tó yẹ kí ẹ rí ti wà nílẹ̀ nínú koríko, ẹ ó sì rò pé ẹran yín mọ́.

Ẹ mú ẹgbẹ́ kan ara ẹran, òsì tàbí ọ̀tún, kí ẹ sì dúró sí ẹgbẹ́ yẹn títí láé. Ẹ máa lọ ní ìtò yìí: inú etí, ọrùn àti awọ tó rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, èjìká, abíyá, igẹ̀, ikùn, ọmú tàbí kórópọ̀n, abẹ́ itan, ìdí ìrù àti àyíká ihò ìdí, lẹ́yìn náà àárín pátákò. Ojú nìkan kò tó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ra irun náà lódì, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Àwọn kéékèèké tí ojú kò rí lábẹ́ irun dúdú, ọwọ́ máa ń kọ́ wọn bí iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ awọ.

Ibi tí ẹ ti rí i ṣe pàtàkì, torí eégbọn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó fẹ́ràn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Abẹ́ ìrù nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò, torí ibẹ̀ ló rọrùn jù. Irú èyí tí a ń wá yìí fẹ́ràn ọrùn, ikùn, ẹ̀gbẹ́ ara àti abẹ́ itan, ẹni tó bá wo abẹ́ ìrù nìkan lè má rí i rárá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹlòmíràn bá tún ẹgbẹ́ kan náà wò lẹ́yìn yín tí òǹkà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiyín mu, ẹ ti ń wá a dáadáa. Bí tirẹ̀ bá fi púpọ̀ ju tiyín lọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti etí.

Ìpele 3: Ẹ yọ ọ́ láàyè, láìfọ́

Ẹ fi ẹnu ẹ̀mú mú un ní ibi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, kí ẹ̀mú sún mọ́ awọ pẹ́kípẹ́kí. Ẹ fà á sókè gbọọrọ láìjá a, láìyí i. Eégbọn ẹlẹ́nu gígùn máa ń di awọ mú gan-an, ẹ ní sùúrù fún un.

Kẹrosíìnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, epo pupa gbígbóná àti iná ìṣáná, ẹ kó gbogbo wọn sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn ló wà lọ́wọ́ jù, mo sì mọ̀ pé bàbá ẹni ló fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe awọ ẹran léṣe, wọ́n ń ba eégbọn jẹ́ débi pé a kò ní rí i dá mọ̀ mọ́, eégbọn tí ara ń ni sì lè pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran.

Ìkìlọ̀ kejì ni pé kí ẹ má ṣe ju eégbọn tó ti yó sílẹ̀ nínú ọgbà ẹran. Abo microplus kan ṣoṣo lè yé ẹyin bíi 2,000 sí 4,000 kó tó kú. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ tọ́jú, ẹ jù ú sínú agolo tó ní sípíríìtì tàbí omi ọṣẹ gbígbóná.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi awò wo orí eégbọn tí ẹ yọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà níbẹ̀ pé, ẹ yọ ọ́ dáadáa. Bí ó bá kán sínú awọ, ẹ fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀, kí ẹ sì yọ òmíràn, torí aláìlẹ́nu kò ṣeé fi dá ohunkóhun mọ̀.

Ìpele 4: Sínú ìgò

Ẹran kan, ìgò kan. Bí ẹ bá da ti màlúù mẹ́ta pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó gbé àlejò wọlé.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, ìlú tàbí gáà, irú ẹran, ibi tí ẹ ti yọ ọ́ lára rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó yọ ọ́ sórí bébà pélébé, kí ẹ sì fi bébà náà SÍNÚ ìgò pẹ̀lú eégbọn. Inú ìgò ni, kì í ṣe ara ìgò. Sípíríìtì máa ń pa tádà bírò rẹ́, ó sì máa ń tú ohun tí a lẹ̀ mọ́ ìta. Pẹ́ńsù kì í pa rẹ́. Ìgò tí kò ní àkọlé, ó sàn kí ẹ dà á nù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì: ẹ gbé ìgò sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣì lè ka bébà náà láì ṣí ìdérí ìgò, ó dáa.

Ìpele 5: Ẹ dá a mọ̀

Ibí ni iṣẹ́ náà wà gan-an, ẹ má kánjú. Ẹ da eégbọn sórí bébà funfun, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi awò sójú. Fóònù náà lè ya fọ́tò láti inú awò bí ọwọ́ yín bá dúró. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ ya ikùn rẹ̀, ẹ sì ya orí rẹ̀ nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin ni, kò tó mìlímítà kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ rí i, ṣùgbọ́n ẹ má gbìyànjú láti sọ irú èyí tó jẹ́. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀dọ́ tàbí àgbà ni.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo eégbọn àgbà tí a ń sọ yìí ní apata líle kan lẹ́yìn. Bí apata náà bá bo gbogbo ẹ̀yìn, akọ ni. Bí ó bá bo iwájú nìkan nítòsí orí, tí ìyókù rọ̀, abo ni, òun ló sì máa ń wú bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wá wo ẹnu. Ṣé ó gùn, ó yọ síwájú gbọọrọ, àbí ó kúrú débi pé orí dà bíi pé wọ́n gé e? Ìbéèrè yìí ló ń pín wọn sọ́nà méjì.

Àwọn ẹlẹ́nu gígùn:

*Amblyomma variegatum.* Òun ni gbogbo olówó ẹran mọ̀, torí ó lẹ́wà. Apata ẹ̀yìn akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó ń dán, pẹ̀lú ìlà dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní òrùka funfun. Abo rẹ̀ tó bá yó lè ju 20 mìlímítà lọ. Ọmú, igẹ̀, abíyá àti abẹ́ itan ni àgbà rẹ̀ máa ń wà, wọ́n sì máa ń kójọ síbì kan. Ó ń gbé àrùn tó ń da omi sí àyíká ọkàn ẹran, ó sì bá kirchi rìn, àrùn awọ tó ń mú ara màlúù hú èépá. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, kì í ṣe àlejò.

*Hyalomma.* Ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú tàbí ó dúdú, kò ní àwọ̀ ọsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó ní àmì funfun ní oríkèé-oríkèé, ó sì máa ń sáré. Bí ẹ bá jókòó lábẹ́ igi nínú ìyàngbẹ ilẹ̀ tí eégbọn kan ń sáré bọ̀ wá bá yín, òun ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Abẹ́ ìrù àti àyíká ihò ìdí ló fẹ́ràn.

Àwọn ẹlẹ́nu kúkúrú:

*Eégbọn ajá, Rhipicephalus sanguineus.* Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, kò ní àmì kankan. Etí ajá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wà. Òun ló ń gun ògiri nínú ilé. Bí ẹ bá rí i lára màlúù, ẹ wo ibi tí ajá ń sùn sí.

*Rhipicephalus evertsi.* Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n. Ẹsẹ̀ yẹn nìkan tó láti dá a mọ̀.

*Ìdílé tí àlejò náà wà.* Ẹsẹ̀ wọn kéré, ó sì funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀rá, ẹnu kúrú jù, ẹ̀yìn kò ní àmì, wọn kì í sì í sáré. Abo tó yó máa ń ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ aró, ó tóbi tó hóró ẹ̀wà. Akọ kò ju mìlímítà méjì lọ, abẹ́ abo ni wọ́n sì máa ń rí i tó lẹ̀ mọ́. Ohun mìíràn tó ń tú wọn fó ni pé lórí màlúù kan ṣoṣo, ní àárọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ó rí ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀dọ́, àgbà tí kò tíì yó àti àgbà tó ti yó. Amblyomma máa ń já bọ́ kúrò lára ẹran ní ìpele kọ̀ọ̀kan kó tó wá ẹran mìíràn. Àwọn ìdílé yìí kì í kúrò. Wọ́n gun ẹran kan nígbà tí wọ́n kéré, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, ó di nǹkan bí ọjọ́ 21 kí abo tó já bọ́ láti lọ yé ẹyin.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró. Nínú ìdílé yìí, a ní àwọn onílé tiwa: decoloratus, annulatus àti geigyi. Àlejò, microplus, jọ wọ́n gan-an. Ìyàtọ̀ wà nínú eyín tó wà lábẹ́ ẹnu wọn: ìlà mẹ́ta-mẹ́ta ni ti decoloratus lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin-mẹ́rin ni ti microplus. Ṣùgbọ́n annulatus àti geigyi náà ń ní mẹ́rin-mẹ́rin. Akọ microplus ní ìrù ṣóńṣó kan ní ìparí ara, akọ annulatus kò ní. Awò ìlọ́po 10 kò tó fún gbogbo èyí. Ẹni tó bá gbé fọ́tò abo tó yó dání tó sì búra fún yín pé microplus ni, kò sọ òtítọ́ fún yín, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó. Iṣẹ́ tiyín ni láti mọ̀ pé ìdílé yìí ni. Ilé àyẹ̀wò ló máa parí ìyókù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ní ìpele yìí ni pé àwọn èèyàn máa ń fi ikùn dá eégbọn mọ̀. Gbogbo abo tó yó ló máa ń wú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń di eérú, Amblyomma àti eégbọn ajá àti àlejò pàápàá. Ẹ fojú fo ikùn. Ẹsẹ̀ àti ẹnu kì í yí padà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ da ìgò kan sórí bébà, kí ẹ ní kí ẹlòmíràn fi ìbéèrè mẹ́ta yìí pín wọn láìbá yín sọ̀rọ̀. Bí òkìtì tirẹ̀ bá bá tiyín mu, ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ìpele 6: Ẹ wá a ní pápá

Ẹ so igi mọ́ etí aṣọ funfun, ẹ so okùn mọ́ igi, kí ẹ máa wọ́ ọ lórí koríko, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ dúró, ẹ yí aṣọ náà padà, ẹ ka ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi sẹ́lótépù lẹ àwọn ọmọ kéékèèké kúrò. Ẹ ṣe é dé mítà 100 níbì kọ̀ọ̀kan: ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà lọ síbi omi, abẹ́ igi tí wọ́n ń sinmi sí, ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí wọ́n ń sùn, àti ibì kan tí ẹran kì í dé, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ ó fi wéra.

Ẹ dúró kí ìrì gbẹ. Aṣọ tó tutù kì í mú eégbọn.

Ọmọ microplus máa ń gun orí koríko, wọ́n á kójọ sí ṣóńṣó ewé, wọ́n á na ẹsẹ̀ iwájú dúró de ẹran. Aṣọ máa ń kó wọn lọ́pọ̀ yanturu. Àgbà Amblyomma àti Hyalomma kì í dúró lórí koríko báyẹn; ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde sáré tẹ̀lé èémí ẹran. Nítorí náà, aṣọ tí kò kó àgbà kankan kò fi hàn pé pápá mọ́. Ó fi hàn pé ẹ ní láti wo ara ẹran.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ibi tí ẹran kì í dé gbọ́dọ̀ ní iye tó kéré jù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yálà ẹran ẹlòmíràn ń gba ibẹ̀ kọjá, tàbí ẹ kò wọ́ aṣọ náà lọ́nà kan náà.

Ìpele 7: Ẹ kà á, ẹ kọ ọ́

Ẹ kò ní ka gbogbo eégbọn. Abo ìdílé àlejò yìí tó wà láàárín mìlímítà 4.5 sí 8 nìkan ni kí ẹ kà, ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn yẹn ni wọ́n máa yó, tí wọ́n máa já bọ́ láàárín wákàtí 24. Iye wọn lónìí ni iye ẹni tó fẹ́ lọ yé ẹyin sínú pápá yín. Ẹ gé páálí pélébé kan sí mìlímítà 4.5, òmíràn sí 8, kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ẹ yan màlúù mẹ́wàá, tàbí gbogbo wọn bí wọn kò bá tó mẹ́wàá, àwọn kan náà nígbà gbogbo. Ẹ fi èyí tí eégbọn fẹ́ràn jù àti ọmọ màlúù sínú wọn. Àkọsílẹ̀ kan lè rí báyìí:

*Ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún. Abo dúdú oníwo kan. Ẹgbẹ́ òsì: 17. Ìlọ́po: 34. Òjò rọ̀ lánàá. A kò tíì fín in. Agbo ti Ìgángán dé lọ́sẹ̀ tó kọjá.*

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í kọ, òun sì ni ìtọpa gan-an. Ibi tí ẹran ti wá, ọjà tí wọ́n ti rà á, ọkọ̀ tó gbé e, agbo tó bá wọn mu omi lójú kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí iye bá ga sókè lójijì, ẹ ó ṣí ìwé náà, ẹ ó sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 21 sẹ́yìn.

Ẹ tún máa wo ẹran náà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Ibà, àìjẹun, àti ìtọ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ Babesia, kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí àlejò yìí ń gbé kiri. Màlúù ìgbàlódé láti òkè òkun ló máa ń pa kíákíá. Bí ẹ bá rí ìtọ̀ pupa, ẹ pa ìwé tì, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn òǹkà mẹ́ta, ẹ gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè kan láìwo ìwé mìíràn: iye náà ń lọ sókè ni àbí sísàlẹ̀, lára ẹran wo?

Ìpele 8: Màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ojú ọjà, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò nílé, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21, ó kéré tán. Lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ọmọ eégbọn lára rẹ̀ lè kéré débi pé ojú kankan kò ní rí i. Kí ọjọ́ 21 tó pé, wọ́n á ti dàgbà, ẹ ó rí wọn.

Ìkìlọ̀: ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tàbí ilẹ̀ tí a gbá mọ́ ni kí ẹ yà á sọ́tọ̀ sí, kì í ṣe igun pápá. Abo tó bá já bọ́ sínú koríko á yé ẹyin síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè wà láìjẹun fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ máa gbá ilẹ̀ náà láràárọ̀, kí ẹ sun ohun tí ẹ bá gbá. Àgùntàn àti ewúrẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ọjọ́ kọkànlélógún, bí ẹ kò bá rí abo kankan tó tó 4.5 mìlímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kó wọ agbo.

Ìpele 9: Ẹ mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, kí ẹ gbé ìgò lọ

Ẹ kà á láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fín in. Ẹ po oògùn gẹ́gẹ́ bí ìwé ara rẹ̀ ṣe wí, ẹ fín in títí gbogbo ara ẹran á fi rin gbindin, pẹ̀lú inú etí, abẹ́ ìrù àti abẹ́ itan. Pọ́ǹpù tí wọ́n kàn fi wọ́n ẹ̀yìn ẹran léréfèé ni ìdí tí oògùn tó dára fi ń dà bí ayédèrú. Tí amitraz bá ni oògùn náà, ẹ má jẹ́ kó kan ẹṣin, ó lè pa á. Ẹ wo iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ mu wàrà tàbí pa ẹran náà jẹ.

Ẹ tún kà á ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje. Bí abo tó wà láàyè láàárín 4.5 sí 8 mìlímítà bá ṣì pọ̀ ní ọjọ́ keje, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé òjò rọ̀ kó tó gbẹ? Ṣé oògùn ti kọjá ọjọ́ ìlò rẹ̀? Ṣé a pò ó dáadáa? Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ̀nà, ó ṣeé ṣe kí eégbọn yín ti borí oògùn yẹn.

Ìgbà yẹn ni ìgò máa lọ. Ẹ múra ìgò méjì. Ti àkọ́kọ́ ní sípíríìtì, fún dídá irú rẹ̀ mọ̀. Inú ìkejì gbẹ: ẹ fi òwú díẹ̀ sí i, ẹ lu ihò tíntìntín sí ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì fi abo tó yó tó wà LÁÀYÈ sínú rẹ̀, bí ẹ bá ti lè rí tó. Ilé àyẹ̀wò kò lè fi òkú eégbọn mọ oògùn tó ń pa á. Ẹ gbé e dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì ó pẹ́ tán, kí oòrùn má pa á nínú ọkọ̀. Ẹ̀ka ìṣègùn ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní Abẹ́òkúta ló sún mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ wà ní Vom lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos. Ní Benin, ẹ kọjú sí Yunifásítì Abomey-Calavi. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó gbéra, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń gba eégbọn láàyè lọ́sẹ̀ yẹn.

Bí èsì bá sọ pé microplus ni, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ẹran rẹ̀ ń bá tiyín mu omi, kí gbogbo yín fín ẹran lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ pààrọ̀ oògùn, ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ èròjà tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Cypermethrin àti deltamethrin, ìdílé kan náà ni wọ́n: ẹni tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kò tíì pààrọ̀ ohunkóhun. Amitraz wà ní ìdílé mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran èyí tí èsì àyẹ̀wò fi hàn pé ó ṣì ń pa á, kí ẹ kọ orúkọ èròjà náà sínú ìwé yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí ẹ fín in, kí ẹ sì tún kà á ní ọjọ́ 21.